Nọ́mbà Tó Wà Lára Ológbò

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Mo ra ìwé yìí kí n lè máa kọ ìwọ̀n àyà àti ìdí àwọn oníbàárà sínú ẹ̀. Kò ní rí ìyẹn ṣe mọ́. Bí mi ò bá ríbi da ọ̀rọ̀ inú mi sí, ẹ̀rọ ìránṣọ ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í bá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á sì ní ìgbàgbé Màámi ti ràn mí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Màámi jáde nílé, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wákàtí mẹ́ta gbáko. Mo wá gbogbo àdúgbò tán kí n tó rí wọn lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sétí kòtò, wọ́n na ọwọ́ sínú ẹ̀, wọ́n ń pe ológbò. Ológbò náà ńkọ́? Orí ògiri ló jókòó sí, lókè orí wọn gan-an, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo sinimá.

Ayálégbé ni mò ń pè é. Ó ń jẹ, ó ń sùn, kò sanwó ilé. Mi ò mọ ibi tí Màámi ti rí i. Ọjọ́ òjò kan lọ́dún tó kọjá ni, mo kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo wọlé, mo bá a lórí itan wọn. Èmi ò fẹ́ràn ológbò. Ojú wọn dà bíi ti oníbàárà tó ti mọ̀ pé mo gé aṣọ òun kúrú. Ṣùgbọ́n Màámi ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín wọn. Mo gbé e mì.

Báyìí, bí ológbò bá ti jáde, Màámi á tẹ̀ lé e. Ológbò mọ̀nà ilé. Màámi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi ti gbọ́. Alága ni mò ń pè é, nítorí orí fóònù ló ti ń ṣe alága ilé wa láti ìlú tó ń gbé. (Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é. Ojú ẹ̀ nìkan ni "wọ́n" wà fún.) Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bí Màámi bá tún sọnù lẹ́ẹ̀kan péré, òun ń bọ̀ wá mú wọn lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà nítòsí ọ́fíìsì ẹ̀, ó ti lọ wò ó, ó ní bẹ́ẹ̀dì wọn mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Mi ò lè tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo dán an wò lóṣù tó kọjá, wọ́n gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ wọn fi wú. Nọ́ọ̀sì tó ń wò wọ́n dì í ní báńdéèjì, ó sì wò mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, ìyá yín ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n."

Ó dáa. Ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni màá so. Mo ti fi téèpù wọn Ayálégbé. Ọrùn, ínṣì mẹ́sàn-án. Àyà, mẹ́rìnlá. Nígbà tó kan ìdí, ó bù mí jẹ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Mo ti rán an tán. Wẹ́sìkóòtù ni mo sọ ọ́. Bọ́tìnnì mẹ́ta lábẹ́ ikùn, láínì dúdú tó ṣẹ́kù lára kóòtù ọkọ ìyàwó kan. Okùn ẹ̀ gùn jù mí lọ díẹ̀, mo rán an ní ìlọ́po méjì. Ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, kò tíì sí oníbàárà tó fi èékánná ya mí lápá rí. Ẹnu ni wọ́n máa ń fi ṣe é.


Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Mo wọ̀ ọ́ fún un. Ó ṣubú gbì, ó nà gbalaja sílẹ̀. Màámi ní, "O ti pa á." Kò jí títí mo fi ṣí agolo ẹja.


Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

A jáde! Màámi di okùn mú, èmi di apá Màámi mú, Ayálégbé wà níwájú nínú wẹ́sìkóòtù ẹ̀ bí aṣojú ìjọba.

Ológbò kì í rìn bí ajá. Ajá á ní ká sáré. Ológbò á rìn ẹsẹ̀ méjì, á dúró, á ro ọ̀rọ̀ náà, á lá èjìká, á tún rìn ẹsẹ̀ kan. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí àpótí aránbàtà tó wà ní kọ̀rọ̀ títì, ọgọ́rin ìṣísẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún la fi rìn ín. Gbogbo fèrèsé ló lójú. Obìnrin kan bi mí bóyá àìsàn ló ń ṣe ológbò náà. Mo ní rárá, èmi ló ń ṣe.

Aránbàtà rẹ́rìn-ín títí òòlù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Télọ̀, ṣé ológbò lẹ̀ ń dà báyìí ni, àbí òun ló ń dà yín?" Mo ní kó gbájú mọ́ bàtà tí mo gbé fún un láti oṣù kẹrin. Màámi ò bá wa ṣàwàdà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi dá a lóhùn: "Ológbò ọmọ mi ni, jọ̀ọ́."

Mo ní, "Ológbò yín ni, Màámi."

Wọ́n ní "Hẹn," bí ìgbà téèyàn ń dá ọmọdé lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń tún un ṣe fún wọn. "Ológbò ẹ ti jẹun?" "Ológbò ẹ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù." Ó ti di ara àwọn nǹkan tí wọ́n ń gbàgbé.

Síbẹ̀ a lọ, a bọ̀. Wọ́n jẹun tán. Wọ́n sùn ní ọ̀sán bí ọmọ jòjòló. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mi ò ti rí irú ẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Alága pè. Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó ní kí n rán nọ́mbà fóònù mi mọ́ ara gbogbo aṣọ Màámi, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ilé ìtọ́jú yẹn. Mo ní ṣé àpò sìmẹ́ǹtì ni Màámi? Ṣé ẹrù tí wọ́n ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ ni? Obìnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ilé tẹlifóònù fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni gbogbo ìlú ń gbà kí wọ́n tó lè bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn la fẹ́ lẹ nọ́mbà mọ́ lára bí ẹrù? Mo ní ọwọ́ mi ò ní rán irú ẹ̀ láéláé.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ tí o ò tọ́mọ rí, kí lo mọ̀ nípa ká ṣọ́ èèyàn?"

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹyin lohùn. Ó mọ ibi tó máa sọ ọ́ sí. Ọdún méjìlá ni mo fi jókòó nílé ọkọ, tí mò ń retí ọmọ, ọkọ lọ, ìrètí náà lọ, mo padà sílé Màámi. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan rí. Wọ́n kàn tún bẹ́ẹ̀dì mi tẹ́.

Ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi ń wá ohun tó máa ṣe. Mo rán nọ́mbà náà mọ́ wẹ́sìkóòtù Ayálégbé. Òwú funfun lórí aṣọ dúdú, ó hàn ketekete. Ẹranko ló yẹ kéèyàn kọ nǹkan sí lára. Màámi jókòó tì mí, wọ́n ń kà á bí mo ṣe ń rán an, pẹ̀lú ohùn iṣẹ́ wọn: "Òdo. Méje. Òdo. Méjì..." Wọn ò ṣi ọ̀kan kà. Nígbà tí mo já òwú, wọ́n ní, "Ẹ dúró sórí ìlà."


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Wọn ò rántí pé a ti jẹun àárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tẹlifóònù — kò sí ohun tí wọn ò rántí níbẹ̀.

Wọ́n ń sọ ọ́ fún mi bá a ṣe ń rìn lọ. Ihò mẹ́rìnlélógún lára pátákó, okùn lórí okùn. Wọ́n á bi ẹni tó pè pé ta ló ń wá, wọ́n á ki okùn bọ ihò ẹni náà, wọ́n á dúró. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ní hẹ́lò, tí ẹnì kejì náà dáhùn, ó parí. "Èèyàn gidi kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bí wọ́n bá ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tìẹ ti tán. Rọra kúrò lórí ìlà." Obìnrin kan wà tó máa ń dúró gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n lé e, Màámi ní kò sẹ́ni tó bá a kẹ́dùn.

Okùn ológbò wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Fóònù orí tábìlì ṣì wà nínú yàrá wọn. Alága ní ìnákúnàá ni, pé ta ló tún ń lo irú ẹ̀. Láràárọ̀ wọ́n á gbé e, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ìlà dáa." Bó bá jẹ́ tèmi, kò sẹ́ni tó máa já a.


Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, mẹ́sàn-án bọ̀. Aránbàtà ti ń fi orí ẹja sílẹ̀ dè é.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Màámi wọ ṣọ́ọ̀bù wá láàárọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, télọ̀. Mo fẹ́ rán aṣọ kan fún ọmọ mi obìnrin."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé téèpù, kí ni ǹ bá tún ṣe? Mo bi wọ́n pé báwo lọmọ náà ṣe tó. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tó bíi tiyín. Ṣùgbọ́n òun rẹwà." Wọ́n ní kí n ṣe é dáadáa, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kì í rójú ra nǹkan fún ara ẹ̀.

Mo kọ ìwọ̀n ara mi sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde.

Kò tó wákàtí kan, wọ́n pe orúkọ mi láti kíṣìnnì, pé iyọ̀ dà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ iyọ̀. Mo ti sunkún sórí aṣọ oníbàárà kan, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi gbẹ.


Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Ilé ìwé gbé iṣẹ́ dé: ẹ̀wù ẹgbẹ́ akọrin, mẹ́rìnlélógójì, Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ẹ. Mi ò ríbi yà sí. Màámi ti wọ bàtà, Ayálégbé ti wọ wẹ́sìkóòtù, àwọn méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wò mí bí ayálégbé méjì tí omi ò yọ fún.

Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo dúró sójú fèrèsé. Aránbàtà gbọ́wọ́ sókè láti kọ̀rọ̀, ó rí wọn. Wọ́n dé ibẹ̀, ológbò jẹ orí ẹja, òun fúnra ẹ̀ ló yí padà, ó mú wọn bọ̀ wálé ní tààrà. Ó mọ̀nà, okùn wà lọ́wọ́ wọn. Kí ló tún kù?

Inú mi dùn débi pé mo kọrin nídìí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ pe Alága kí n fi yangàn. Mi ò pè é. Jẹ́ kó ṣe ìpàdé tiẹ̀.


Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Lánàá náà bẹ́ẹ̀. Mi ò dúró lójú fèrèsé lónìí, mo kàn ń yọjú. Ẹ̀wù méjìlélógún ti parí.


Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Aago mẹ́ta. Wọn ò tíì dé. Aago kan ni wọ́n jáde.

Mo yọjú. Mo rò pé mo yọjú. Mo gbé apá ọ̀tún sí apá òsì lára ẹ̀wù kan, mo tú u, mo tún un rán, ìgbà tí mo máa gbójú sókè, kọ̀rọ̀ títì ti ṣófo. Àpótí aránbàtà wà ní títìpa. Ó lọ ra awọ. Kò sọ fún mi, ta ló ní kó sọ fún mi? Èmi ni mo fi ìyá mi sí ìkáwọ́ ẹ̀ láìbèèrè.

Aago márùn-ún. Ilé ìwé. Kòtò. Ọgbà. Ibùdókọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí màmá kan tó mú ológbò lókùn?" Wọ́n rí ológbò. Gbogbo ayé ló rí ológbò. Wọ́n mọ àwọ̀ ẹ̀, wọ́n mọ wẹ́sìkóòtù ẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ fi bó ṣe ń rìn hàn mí. Aṣọ wo ni màmá wọ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n bi èmi. Èmi náà ò mọ̀. Télọ̀ ni mí, mi ò mọ aṣọ tó wà lára ìyá mi.

Mi ò pe Alága.

Aago mẹ́fà kọjá. Fóònù dún, mi ò mọ nọ́mbà náà. Mo ní hẹ́lò. Ọkùnrin kan. Ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ológbò. Onígbàjámọ̀ ni, ní òdìkejì ìlú. Mo figbe ta. Mo ní màmá ńkọ́, màmá tó mú un lọ́wọ́? Ó ní, "Wọ́n wà níbí, wọ́n..." Mo gbọ́ tó ń pe, "Màmá? Màmá?" Ó padà sórí fóònù, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ní wọ́n ti jáde. Mo ní kó sáré. Ó sáré, ó fi oníbàárà tó gé irun ẹ̀ dé ìdajì sílẹ̀ lórí àga. Bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Kò rí wọn.

Mo ti lọ síbẹ̀, mo ti bọ̀. Mo fẹ́ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní màmá kan wọlé, ara wọn mọ́, ohùn wọn dùn. Wọ́n ní kí òun bá àwọn tẹ nọ́mbà kan. Wọ́n gbé ológbò sókè, wọ́n ka nọ́mbà náà sí òun létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun bi wọ́n bóyá nọ́mbà ilé wọn ni. Wọ́n ní rárá, ti ẹni tó ni ológbò ni, pé ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀. Òun tẹ̀ ẹ́. Bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, màmá gbé ológbò sórí àga, wọ́n rẹ́rìn-ín sí òun, wọ́n rọra lọ sápá ẹnu ọ̀nà. Òun rò pé wọ́n fẹ́ gba atẹ́gùn ni.

Kò yé e. Ó yé mi. Wọ́n so wá pọ̀. Wọ́n gbọ́ tí a ń bára wa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn tán, wọ́n kúrò lórí ìlà.

Mo ti gbé Ayálégbé wálé, ó ń sùn lórí àga wọn.


Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Ojú mi ò rí oorun. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bi mí bóyá nǹkan kan wà lára wọn tó ní orúkọ tàbí nọ́mbà. Mo ní rárá. Ó kọ "rárá" sílẹ̀, ó fa igi sí abẹ́ ẹ̀.

Aago mẹ́jọ àárọ̀, onígbàjámọ̀ tún pè. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ kan sọ sí òun lọ́kàn: òun ní kí màmá jókòó lánàá, wọ́n ní àwọn ò lè jókòó, pé ẹni tí àwọn fẹ́ gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́ ò fẹ́ kí àwọn pẹ́.

Ilé tẹlifóònù! Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ju òpópónà méjì síbẹ̀, mo sì ti gba ibẹ̀ kọjá lánàá láìrò ó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tà á. Fóòmù àti bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Mo sáré yí ẹ̀yìn ilé náà, ibi ilẹ̀kùn táwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbà wọlé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo máa ń dúró dè wọ́n.

Wọ́n jókòó sórí páálí, ẹ̀yìn wọn gún, báàgì wọn wà lórí itan. Ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ètè wọn ti gbẹ. Ọdẹ ilé ìtajà ti fún wọn lómi àti aṣọ ìbora, ó ní wọ́n sọ fún òun pé àwọn ń dúró de ẹnì kan. Aṣọ àwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀. Èmi ni mo rán an.

Wọn ò mọ̀ mí. "Ẹ káàárọ̀ o. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn."

Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n gbé ológbò yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi?"

Mo ní, "Wọ́n gbé e dé, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ìgbà téèyàn bá àlejò jókòó ní ibùdókọ̀. Pé àwọn ò fẹ́ràn ológbò rárá, irun ẹ̀ ń wọ àwọn nímú. Ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ò rọ́mọ bí. Òun ló gbé e wálé lọ́jọ́ òjò kan, àwọn rí i, àwọn ò sọ̀rọ̀, ohun tó ń fi tu ara ẹ̀ nínú nìyẹn. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè, àwọn ló ń bá a mú un jáde. "Bó bá sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, kí ni màá wí fún un?"

Ọdún kan odidi. Èmi ń fara da ológbò nítorí wọn. Àwọn ń fara dà á nítorí mi. Kò sẹ́ni tó gbé e wálé nínú wa. Òun ló gbé ara ẹ̀ wá.

Ọjọ́ tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sétí kòtò, nítorí mi ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ní "ológbò ẹ", tí mò ń tún un ṣe. Wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo sunkún nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń fi etí aṣọ wọn nu ojú mi, wọ́n ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́."


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Mo pe Alága. Ì bá má gbọ́ láéláé, mo mọ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ẹ̀wù akọrin, títí kan pé ó ti ní kí n rán nọ́mbà, mo sì bú u. Mo rò pé ó máa pariwo. Kò pariwo. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Aránbàtà wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màámi, ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Wọ́n bi í pé bàtà wo ló bàjẹ́.

Mo ti rán nọ́mbà náà. Aṣọ mọ́kànlá, aṣọ òtútù méjì, aṣọ àwọ̀sùn mẹ́ta. Inú etí apá òsì ni mo rán an sí, níbi tí ojú àwọn fúnra wọn á ti máa tó o, òwú tó bá àwọ̀ mu. Mi ò rán nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀wù akọrin ku mẹ́fà. Kí wọ́n máa kọrin bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà

Alága dé kí agogo méjìlá tó lù. Ó gbé báàgì ńlá kan dání. Màámi kí i káàbọ̀, wọ́n pè é ní dókítà, wọ́n ní oorun àwọn ti ń dáa sí i. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lójú ẹ̀. Kò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí, orí fóònù ohùn wọn ṣì ń le.

Ó di ẹrù wọn fúnra ẹ̀. Ó gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti ẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, à ń jà ní ohùn ìsàlẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́. Ó ní òun sọ pé ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní mo mọ̀, èmi ni mo pè é. Ó ní bí wọ́n bá kú síta ńkọ́? Mo kàn ń ká òwú mọ́ ìka títí ìka fi dúdú.

Fóònù mi dún. Nọ́mbà fóònù orí tábìlì. Láti yàrá Màámi, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí mo dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ẹ káàsán o. Ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú. Ìyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wa níbí, nọ́mbà yín la rí nínú apá aṣọ wọn. Ó jọ pé wọ́n ti ṣìnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú wọn lọ sílé."

Ohùn iṣẹ́ wọn ni.

Alága fọwọ́ bojú. Ó ní jẹ́jẹ́, "Ṣé o gbọ́? Inú ilé ni wọ́n wà, wọ́n ń wá ilé."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní, ta ni wọ́n pè?

Mo gbé fóònù sẹ́nu. Mo ní, "Ẹ dúró sórí ìlà, mà. Mò ń bọ̀."

Mo rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá náà. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, apá aṣọ wọn ká sókè, fóònù ṣì wà létí wọn. Wọ́n ti so wá pọ̀, a ti sọ̀rọ̀, wọn ò sì kúrò lórí ìlà. Wọ́n ń dúró dè mí. Mo ní, "Màámi, mo ti dé." Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "O pẹ́ díẹ̀."

Mo wọ wẹ́sìkóòtù fún Ayálégbé. A gba ẹgbẹ́ báàgì kọjá, a jáde. Wọ́n di okùn mú, mo di apá wọn mú, ọgọ́rin ìṣísẹ̀ dé kọ̀rọ̀ títì, ọgọ́rin bọ̀. Mo rí Alága lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, níbi tí èmi ì bá ti dúró lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a padà dé iwájú ilé, mi ò tíì la ẹnu tí wọ́n fi ní, "Ilé rèé." Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé, wọ́n ní kí n fún ológbò mi lómi.

Báàgì ò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo rò pé ó ti gbé e sínú ọkọ̀ ẹ̀.

Yàrá Màámi ni mo bá a. Ó ti tú báàgì náà, ó ti kó aṣọ padà sínú dúrọ́ọ̀, kò mọ̀ ọ́n ká, ìdajì ẹ̀ yọ síta. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ àwọ̀sùn kan wà lórí orúnkún ẹ̀. Ó ti yí apá ẹ̀ síta, ó ń fi àtàǹpàkò ra ibi tí mo rán. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Kò gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Àyè ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Rán nọ́mbà tèmi náà mọ́ ọn."